Àkántì òǹkọ̀wé tó kúrò: kí ni ká fi pamọ́, kí ni ká nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ṣe kòkáárí ìkànnì kan tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń kọ nǹkan sí. CMS tí à ń lò, ìyẹn ètò tí a fi ń kọ àpilẹ̀kọ tí a sì fi ń gbé e jáde, àwa fúnra wa la kọ ọ́. Laravel, àkójọ irinṣẹ́ ìkọkóòdù, la fi kọ ọ́, MySQL tó jẹ́ dátábéèsì ló sì wà nísàlẹ̀. Òǹkọ̀wé kan fi wá sílẹ̀, alámòójútó wa tẹ bọ́tìnnì "pa rẹ́", àkántì náà lọ, gbogbo àpilẹ̀kọ tí ẹni náà ti kọ sì bá a lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń bá wa kọ kóòdù wá ní kí á fi kọ́lọ́ọ̀mù kan tó ń jẹ́ deleted_at kún tébù àwọn oníàkántì, pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni kò ní parẹ́ mọ́, a kàn máa fi wọ́n pamọ́ ni. Ṣé kọ́lọ́ọ̀mù kan yẹn tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá o. Kọ́lọ́ọ̀mù náà dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kún un, ṣùgbọ́n kò tó rárá. Àmì lásán ni. Ọjọ́ tí ẹnì kan kúrò ló ń sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ ẹni tí ímeèlì náà máa jẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn náà, kò mọ orúkọ tó yẹ kó wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ, kò sì mọ ìgbà tí ìfipamọ́ náà máa dópin. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni iṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ sì máa pinnu wọn. Ẹ má fi sílẹ̀ fún kóòdù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohun tó gbé àpilẹ̀kọ yín lọ bẹ̀rẹ̀, torí kò yẹ kó di ọ̀la kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé tébù àpilẹ̀kọ yín ní author_id tó so mọ́ tébù users, pé ẹni tó so ó sì kọ ON DELETE CASCADE sí i. Ohun tí àṣẹ yẹn ń sọ ni pé bí ìlà kan bá kúrò nínú users, kí gbogbo ìlà tó rọ̀ mọ́ ọn nínú tébù kejì tẹ̀ lé e. Dátábéèsì kò ṣẹ̀, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Ohun tó tún burú síbẹ̀ ni pé nínú MySQL 8.0, ìlà tó bá gba ọ̀nà cascade lọ kì í ta trigger (àṣẹ tí dátábéèsì máa ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ìlà kan bá yí padà) jí. Bí ẹ bá tiẹ̀ ní trigger tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo àpilẹ̀kọ tó ń parẹ́, òfo lẹ máa bá nínú àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ yí CASCADE náà padà sí RESTRICT kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bí RESTRICT bá ti wà níbẹ̀, dátábéèsì á kọ̀ jálẹ̀ láti pa oníàkántì tó ní àpilẹ̀kọ rẹ́, ì báà jẹ́ alámòójútó ló tẹ bọ́tìnnì, ì báà jẹ́ akọ́kóòdù kan ló ń kọ àṣẹ tààrà sí i ní òru.

Àwọn CMS ńláńlá náà kò gba ọ̀nà kan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú WordPress, àpilẹ̀kọ ti ní ibi ìdalẹ̀sí láti ẹ̀dà 2.9, ọjọ́ 30 ló sì máa ń lò níbẹ̀ kó tó lọ pátápátá bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà. Àkántì kò ní irú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pa àkántì rẹ́ níbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi yín: ṣé kí ohun tí ẹni náà kọ bá a lọ ni, àbí kí á gbé e fún ẹlòmíràn? Ìbéèrè tó dára ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti dáhùn, àkántì náà ti lọ nìyẹn. Àwọn mìíràn máa ń yọ gbogbo ipò kúrò lọ́wọ́ ẹni náà nínú WordPress, wọ́n á rò pé àwọn ti dí i lọ́nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní ipò kankan ṣì lè fi páswọ́ọ̀dù rẹ̀ wọlé, kàn ni pé kò ní lè ṣe púpọ̀ tó bá dé inú.

Drupal ló sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá jù. Láti Drupal 7, tó jáde ní 2011, ọ̀nà mẹ́rin ló ń gbé síwájú alámòójútó: kí àkántì dákẹ́ kí ohun tó kọ wà bó ṣe wà, kí àkántì dákẹ́ kí ohun tó kọ kúrò lójú ayé, kí àkántì parẹ́ kí ohun tó kọ di ti aláìlórúkọ, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 nínú tébù, tàbí kí gbogbo rẹ̀ parẹ́ pọ̀. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an, torí pé ó ya ọ̀rọ̀ àkántì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ohun tí oníàkántì kọ. Mo máa padà sórí èyí.

Ní tiyín, ìdí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè mú kí alámòójútó tẹ "pa rẹ́". Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan hùwà tí kò tọ́, ẹ sì fẹ́ kó dúró síta ná. Ó lè jẹ́ pé ó kúrò, tó sì ṣeé ṣe kó padà, tàbí pé ṣe ni ẹni tó tẹ bọ́tìnnì ṣì í tẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé oníàkántì fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ nu ohun gbogbo tó jẹ́ tòun. Èyí tó wà láàárín nìkan ni deleted_at lè gbé. Bí ẹ bá ń fi dá àwọn èèyàn dúró pẹ̀lú, lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kí ìkànnì máa nu gbogbo ẹni tí deleted_at rẹ̀ ti lé ní ọjọ́ 30, ẹni tí ẹ kàn dá dúró nítorí ìwádìí máa bá a lọ, ẹ̀rí tí ẹ nílò náà á sì lọ. Ìdádúró gbọ́dọ̀ ní kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀. Kí ẹ sì máa kọ ẹni tó pa àkántì rẹ́ àti ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ náà, torí ọjọ́ nìkan kò lè dáhùn fún ẹni tó bá wá béèrè.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kàn fi SoftDeletes ti Laravel, èyí tó ń kọ deleted_at dípò pípa ìlà rẹ́, sórí User, apá kóòdù tó dúró fún oníàkántì, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé kan ti kúrò, ó wá padà dé. Ó tẹ ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀, ìkànnì ní wọn kò bára mu, torí pé Eloquent, apá Laravel tó ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ń fo gbogbo ẹni tó bá ní deleted_at dá. Ó ní bóyá òun ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù, ó béèrè fún tuntun, ìkànnì ní kò sí ẹni tó ń lo ímeèlì yẹn. Ó ní ó dáa, kí òun kúkú ṣí àkántì tuntun. Ìkànnì dá a lóhùn pé ẹnì kan ti ń lo ímeèlì yẹn! Ìdí ni pé ìlànà unique:users,email, tó ń rí i pé ẹni méjì kò lo ímeèlì kan náà, kì í gba ọ̀dọ̀ Eloquent kọjá, inú tébù ló ti ń wò tààrà, ìlà ẹni náà sì ṣì wà níbẹ̀. Ẹni kan náà, ímeèlì kan náà, ìkànnì ní kò sí, ó tún ní ó wà. Ó dùn mí púpọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń wà lórí ìkànnì, torí ẹni tó bọ́ sínú rẹ̀ kò ní ọ̀nà àbáyọ kankan lórí ìkànnì náà, ó sì máa ń rò pé òun lòun ń ṣe àṣìṣe.

Àtúnṣe tí ọ̀pọ̀ ń sáré ṣe ni pé kí wọ́n yọ unique (òfin dátábéèsì pé ohun kan náà kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì) kúrò lórí email nìkan, kí wọ́n gbé e sórí email àti deleted_at pọ̀. Ó jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ NULL ni àyè tó ṣófo nínú tébù, NULL kan kì í dọ́gba pẹ̀lú NULL kejì nínú unique index ti MySQL, NULL sì ni gbogbo àkántì tó ń ṣiṣẹ́ ní nínú deleted_at. Nítorí náà, ẹni méjì á lè fi ímeèlì kan náà ṣí àkántì méjì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, dátábéèsì kò sì ní wí nǹkan kan. Ààbò tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ kò sì ní tètè mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ímeèlì ẹni tó kúrò tú sílẹ̀ fún àkántì tuntun lóòótọ́, ẹ dá irú kọ́lọ́ọ̀mù tí MySQL ń ṣírò fúnra rẹ̀, èyí tó ti wà láti ẹ̀dà 5.7, kí ohun inú rẹ̀ jẹ́ IF(deleted_at IS NULL, email, NULL), kí unique wà lórí òun. PostgreSQL kò ní wàhálà tó báyìí, torí pé èèyàn lè kọ WHERE deleted_at IS NULL sí ìdí unique index fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé kí ímeèlì náà má tú sílẹ̀ rárá títí ọjọ́ ìdápadà á fi kọjá. Bí ẹni náà bá ti ṣí àkántì tuntun lọ́jọ́ kẹwàá, tí alámòójútó sì dá ti àtijọ́ padà lọ́jọ́ kọkànlá, àkántì méjì á máa du ímeèlì kan ṣoṣo, ọwọ́ lẹ ó sì fi tú u. Ẹ jẹ́ kí unique wà lórí email bó ṣe wà, ìdáhùn ni kí ẹ yí padà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ímeèlì tó wà nípamọ́ forúkọ sílẹ̀, kí ìkànnì sọ ohun kan náà tó ń sọ fún gbogbo èèyàn, pé kó lọ yẹ ímeèlì rẹ̀ wò. Inú ímeèlì yẹn ni kí línkì ìdápadà wà. Ẹni tó ni ímeèlì á rí i, àlejò tó kàn ń tọ pinpin kò ní mọ̀ pé ẹni náà ti ní àkántì lọ́dọ̀ yín rí. Ti orúkọ ìdánimọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láé. Línkì tó ń lọ sí ojú ewé òǹkọ̀wé yẹn ti wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá gba orúkọ náà lónìí máa jogún ìgbẹ́kẹ̀lé tí kò ṣiṣẹ́ fún.

Ní ti wíwọlé, Eloquent á bá yín gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Session tó ṣí sílẹ̀, ìyẹn ìwọlé tí ẹni náà kò tíì jáde nínú rẹ̀, á di asán nígbà tí ẹni náà bá tún ṣí ojú ewé mìíràn, torí User kò ní rí i mọ́. Ibi tí kò gba ọwọ́ Eloquent kọjá ni kí ẹ máa wá kiri. DB::table, tó ń ka tébù tààrà, kò mọ nǹkan kan nípa SoftDeletes, bẹ́ẹ̀ ni SQL tí wọ́n kọ tààrà, àwọn gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń wà nídìí ìròyìn oṣooṣù àti lẹ́tà ìròyìn tó ń lọ sí ímeèlì àwọn èèyàn. Bí ẹ bá ń lo JWT, irú token (àmì ìwọlé) kan tó ní àkókò tirẹ̀ nínú, fún áàpù orí fóònù, tí ibi tó ń gbà á kì í wo dátábéèsì, token ẹni tó kúrò á máa ṣiṣẹ́ títí àkókò rẹ̀ á fi pé. Bí ẹni tó kó kúrò nílé tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lápò rẹ̀ ló rí. Iṣẹ́ tó ti wà lórí queue, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó tò sílẹ̀ de àkókò wọn, kí àkántì tó lọ náà ń bẹ níbẹ̀: bí Laravel bá ń gbé dátà oníàkántì padà fún iṣẹ́ queue, kì í fo ẹni tó ní deleted_at dá, torí náà ímeèlì tí ẹ ti tò sílẹ̀ á ṣì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ yín mọ́. Kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yẹ deleted_at wò fúnra rẹ̀ kó tó rán nǹkan. Ẹ sì rántí ojú ewé tó wà nínú cache (ẹ̀dà tí ìkànnì tọ́jú fún ìgbà díẹ̀), atọ́ka ìwákiri orí ìkànnì, àti sitemap (àtòkọ àwọn ojú ewé ìkànnì).

Lọ́jọ́ kìíní tí SoftDeletes bá wọlé, ó ṣeé ṣe kí àwọn ojú ewé kan dẹ́kun iṣẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti kọ $article->author->name, author á di null fún gbogbo àpilẹ̀kọ ẹni tó kúrò, ojú ewé á sì gbé àṣìṣe jáde dípò àpilẹ̀kọ. withTrashed() lórí ìsopọ̀ author, tó ń mú ẹni tó kúrò wá pẹ̀lú, á yanjú rẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbẹ̀, torí ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹni tó ń wọlé sórí CMS yín àti orúkọ tó wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ kì í ṣe nǹkan kan náà. Àkántì ní páswọ́ọ̀dù, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù, ipò àti àṣẹ. Orúkọ òǹkọ̀wé jẹ́ ara iṣẹ́ tí ẹ ti tẹ̀ jáde, àwọn òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n, àwọn mìíràn ti tọ́ka sí i. Níwọ̀n ìgbà tí author_id bá ń tọ́ka sí users, ẹ kò lè fọwọ́ kan ọ̀kan kí èkejì má mì. Ẹ dá tébù kejì sílẹ̀, ẹ pè é ní authors: orúkọ tó ń hàn, àwòrán tí ẹni náà fọwọ́ sí, ọ̀rọ̀ ṣókí nípa rẹ̀, àti user_id tó lè jẹ́ NULL. Kí àpilẹ̀kọ so mọ́ authors, kí authors so mọ́ users pẹ̀lú ON DELETE SET NULL, tó ń sọ user_id di NULL bí àkántì bá parẹ́. Kẹ́ ẹ gbé dátà àtijọ́ lọ síbẹ̀ máa gba àkókò, mi ò ní tàn yín. Àmọ́ bó bá ti parí, àkántì lè dákẹ́, ó lè padà, ó lè parẹ́ pátápátá, kò sì sí àpilẹ̀kọ tó máa mì. Ẹni tí kò ní àkántì rárá náà á lè ní orúkọ lábẹ́ àpilẹ̀kọ, èyí tó wúlò púpọ̀ fún òǹkọ̀wé àlejò. RESTRICT tí ẹ fi ṣe ìdènà lónìí á ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà.

Ìdápadà náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ àpilẹ̀kọ ẹnì kan kúrò lójú ayé nígbà tí àkántì rẹ̀ lọ, ẹ kọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó yọ ọ́ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ ìdápadà, èyí tó jẹ́ àkọ̀tì lásán (ìyẹn àpilẹ̀kọ tí kò tíì parí, tí kò tíì jáde) á bọ́ sí gbangba pẹ̀lú èyí tó ti jáde rí. WordPress máa ń kọ ipò àtijọ́ síbẹ̀ bí àpilẹ̀kọ bá bọ́ sí ibi ìdalẹ̀sí, síbẹ̀ láti ẹ̀dà 5.6, bí wọ́n bá mú un jáde, àkọ̀tì ló máa ń di bí ẹnikẹ́ni kò bá pàṣẹ mìíràn. Ìpinnu tó bójú mu ni. Kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún àṣẹ náà: ẹni tó jẹ́ alámòójútó kó tó kúrò kò gbọ́dọ̀ padà wá di alámòójútó fúnra rẹ̀, kó kọ́kọ́ yan páswọ́ọ̀dù tuntun, kí ẹlòmíràn sì fún un ní ipò. Kí CMS náà sì kọ̀ láti pa àkántì alámòójútó tó kù ṣoṣo rẹ́.

Ó wá ku òpin. Fífi pamọ́ kì í ṣe pípa rẹ́, ẹni tó bá sì ní kí ẹ nu dátà òun kò sọ pé kí ẹ fi pamọ́. Abala 17 nínú òfin GDPR ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 oṣù Karùn-ún 2018, fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n nu dátà òun, Abala 12 sì fún ẹni tó ni ìkànnì ní oṣù kan láti dáhùn, èyí tó lè fi oṣù méjì gùn sí i bí ọ̀rọ̀ náà bá díjú. WordPress fi irinṣẹ́ ìnudátà kún un nínú ẹ̀dà 4.9.6 lóṣù kan náà. Ibi yòówù kí àwọn òǹkàwé yín wà, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, torí pé ohun tó tọ́ ni. Ẹ yan iye ọjọ́, 30 dára, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé tí oníàkántì ti ń tẹ bọ́tìnnì, kí iṣẹ́ kan sì máa lọ ní alaalẹ́ láti nu ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé. Láti ẹ̀dà 8.50, Laravel ní Prunable fún irú iṣẹ́ yìí, forceDelete, ìyẹn pípa rẹ́ pátápátá, ló sì máa ń ṣe fún ẹni tó ti ní deleted_at.

Títí dìgbà tí tébù authors á fi wà, RESTRICT máa dá forceDelete dúró fún ẹni tó ní àpilẹ̀kọ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì nu ohun inú rẹ̀: orúkọ, ímeèlì, fóònù, àwòrán, IP, páswọ́ọ̀dù. Ẹ má ṣe fi hash ímeèlì (lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kóòdù ṣírò láti inú rẹ̀) rọ́pò ímeèlì kí ẹ sì pè é ní nínù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ímeèlì náà lọ́wọ́ lè ṣírò hash rẹ̀ kó sì rí ìlà náà. Ọ̀rọ̀ laileto tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni náà ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Bóyá orúkọ rẹ̀ máa ṣì wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ tàbí kò ní sí, àdéhùn tí ẹ bá òǹkọ̀wé ṣe ló máa sọ ìyẹn, ẹ fi kún àdéhùn náà nísinsìnyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì bínú.

Ẹ̀dà ìpamọ́ tó gbà yín lọ́tẹ̀ yìí lè dá ẹni tí ẹ ti nù padà lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ bá gbé ẹ̀dà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn wọlé lẹ́yìn ìjàǹbá kan, gbogbo ẹni tí ẹ nù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn á jí padà pẹ̀lú ímeèlì àti fóònù rẹ̀. Ẹ máa kọ id àwọn tí ẹ bá nù sínú fáìlì kan tó wà níta dátábéèsì, id nìkan, kò sí orúkọ. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbé ẹ̀dà ìpamọ́ wọlé, ẹ kọ́kọ́ tún nu gbogbo id inú fáìlì náà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣí ìkànnì fún àwọn èèyàn.